Corolla 2004, Òṣogbo sí Àbújá: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó gbéra?

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbújá ni mò ń lọ lọ́sẹ̀ méjì sí i, láti Òṣogbo níbí. Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Òkéné, Lọ́kọ́jà ni mo fẹ́ gbà. Toyota Corolla 2004 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíà ọ́tọ́. Àgbà mẹ́rin la máa wà nínú rẹ̀, ẹrù á sì kún búùtù. Ìgboro nìkan ló máa ń rìn, láti Ọ̀gọ-Olúwa dé Ìgbóńnà, kò tíì rin ọ̀nà jíjìn rí lọ́wọ́ mi.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ò bára mu. Mẹkáníìkì ní ká yọ tẹ́mósítáàtì sọnù kí ọkọ̀ má baà gbóná lórí òkè. Fọ́kanáísà ní kí n dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí 25 nítorí oòrùn. Rìwáyà ní òun á so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíì tún ní omi lásán ti tó, pé kí n má fowó ra kúláǹtì. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ká gbà nínú rẹ̀? Kí ni mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, kí sì ni kí n gbé dání?

Bàbá Sípánà

Àbúrò, jẹ́ ká ti orí ooru bẹ̀rẹ̀, torí ọkọ̀ ìgboro tó bá bọ́ sí ọ̀nà jíjìn lójijì, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń kọ́kọ́ yọnu.

Má gbà kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ṣe ló máa ń pa ọ̀nà rédíétọ̀ dé, kí omi máa yí nínú ẹ́ńjìnnì nìkan, kó lè tètè móoru. Tí omi bá gbóná tó nǹkan bíi 82°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, omi á sì gba inú rédíétọ̀ lọ. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo kún un. Epo á máa lọ, ọ́ìlì á tètè dọ̀tí. Èyí tó wá burú jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tẹ́mósítáàtì yìí kan náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá omi nígbà tó bá là tán. Bí kò bá sí níbẹ̀, apá kan omi gbígbóná á kàn máa yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀ rárá. Lórí òkè gan-an tí wọ́n torí ẹ̀ yọ ọ́, ibẹ̀ ló máa gbóná sí. Bí o bá fura sí tìrẹ, fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, má jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò. Kí omi tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti là. Bí kò bá là, ra tuntun.

Ìdérí rédíétọ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Àwọn èèyàn kì í kà á sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń há omi mọ́ tí omi fi lè kọjá 100°C láìhó. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti ya, tàbí tí sípíríìnì rẹ̀ ti dẹ̀, omi á hó láìtọ́jọ́, á tú sínú ike ìpamọ́, á sì dà sílẹ̀. O ò ní mọ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi gòkè. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, bí o ò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ara rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Àárín òun àti kọ́ńdẹ́ńsà (rédíétọ̀ ẹ́ésì tó wà níwájú rẹ̀) ni ewé, kòkòrò àti eruku máa ń há sí, kì í hàn téèyàn bá wò ó láti iwájú. Kí wọ́n fi omi tí kò le fọ̀ ọ́ láti ìhà ẹ́ńjìnnì síwájú. Ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára á tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ara rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè kọjá mọ́. Fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Èyí tó bá ti le gbagidi tàbí tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì fún kílíìpù ibẹ̀ dáadáa. Wo abẹ́ pọ́ǹpù omi náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàn bẹ́ẹ̀tì. Àbàwọ́n funfun tàbí pupa tó ti gbẹ síbẹ̀ ń sọ fún ọ pé pọ́ǹpù ti ń jò. Èyí tó ń sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Òṣogbo, ó lè ti máa dà kó o tó rí Òkéné.

Ti fáànù: tan ọkọ̀ sílẹ̀, pa ẹ́ésì, kó o dúró tì í. Fáànù gbọ́dọ̀ gbéra fúnra rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó sún kọjá ibi tó máa ń wà, kó sì kú nígbà tí omi bá tutù díẹ̀. Tan ẹ́ésì, ó gbọ́dọ̀ gbéra lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá gbéra, ó lè jẹ́ fíúùsì, riléè, sẹ́ńsọ̀ tàbí mọ́tọ̀ fáànù, kí wọ́n wá èyí tó jẹ́. Dáírẹ́ẹ̀tì kò tún nǹkan kan ṣe, ó kàn bo àrùn mọ́lẹ̀ ni. Wáyà tí wọ́n fi ń so ó kì í sábà ní fíúùsì, ó lè gbóná kó yọ́, mọ́tọ̀ tó sì ń yí láìsinmi á tètè jẹ tán. Fi èyí náà sọ́kàn: ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan, fáànù ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń gbóná lórí eré tàbí lórí òkè, tó sì ń tutù nígbà tó bá rọra ń lọ, rédíétọ̀ tó dí ni kó o kọ́kọ́ fura sí.

Omi lásán ò tó. Omi kànga àti ti bọ̀họ̀ọ̀lù ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, ìyẹn ló ń gan mọ́ inú rédíétọ̀ títí ihò rẹ̀ á fi dí. Kúláǹtì ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi mímọ́ tí wọ́n ń tà fún bátìrì ni kó o lò. Kì í ṣe ásíìdì o, omi ni mo wí. Gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí lé díẹ̀ ní lítà 6. Ka ara ike dáadáa, nítorí èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀ kò tún fẹ́ omi mọ́. Kí wọ́n da ti àtijọ́ nù pátápátá, má pò èyí tó pupa mọ́ èyí tó ní àwọ̀ ewé. Tí wọ́n bá ń rọ ọ́, kí wọ́n yí bọ́tìnnì ìgbóná inú ọkọ̀ sí HOT, kí wọ́n ṣí ìdérí sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí wọ́n tan ọkọ̀, kí wọ́n sì máa rọ ọ́ kún bí afẹ́fẹ́ ṣe ń hó jáde, títí fáànù á fi gbéra lẹ́ẹ̀mejì. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ẹ́ńjìnnì lè mú un gbóná bí ẹni pé kò lómi rárá.

Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè lójú ọ̀nà, pa ẹ́ésì, tan afẹ́fẹ́ gbígbóná dé òpin, kó o sì wá ibi tó dáa dúró sí. Má fọwọ́ kan ìdérí fún bíi wákàtí kan. Má da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì, orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, á tẹ̀, tọ́ọ̀pù gásikẹ́ẹ̀tì á sì lọ.

Táyà Òkè-Báálẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú ti táyà.

Ọmọ Òkè-Fìà, 25 yẹn léwu. Oòrùn kọ́ ló sábà ń bẹ́ táyà, afẹ́fẹ́ tó kéré ni. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò tó máa ń rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ á máa nà ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Bí ọkọ̀ yín bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà ń yí tó ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Títẹ̀ yẹn ló ń bí ooru, ooru yẹn ló sì ń tú rọ́bà kúrò lára okùn inú rẹ̀. Ẹ wá fi àgbà mẹ́rin àti ẹrù kún un.

Iye tó tọ́ wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Fún Corolla yìí, 30 psi ló sábà máa ń jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, 44 tàbí 51, òpin ibi tí táyà lè gbà ni, òun kọ́ lẹ máa fún un. Àárọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ra géèjì tiyín, torí ti ara ẹ̀rọ fọ́kanáísà máa ń parọ́ tó bá ti gbó. Tí ẹ bá dúró ní Ọ̀wọ̀ tí géèjì wá ka 34, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Táyà tó gbóná gbọ́dọ̀ gòkè díẹ̀, bí wọ́n bá tú u sí 30 nígbà tó gbóná, á ti kéré jù nígbà tó bá tutù.

Ẹ wá ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 3522 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2022. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀ ni nọ́ńbà yẹn máa ń wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ọdún 4 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń kà fún táyà ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Ibẹ̀ ni táyà tòkúnbọ̀ ti ń tan èèyàn: ojú rẹ̀ á ga, wọ́n á ti fi nǹkan pa á kó máa dán, bẹ́ẹ̀ rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó ṣí díẹ̀: bí ẹ bá rí sísán wẹ́wẹ́, tàbí ibi tó wú bí eéwo, táyà yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò ní Òṣogbo. Ojú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kéré sí 1.6 mílímítà. Ní tèmi, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, 195/65R15 ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ara ilẹ̀kùn. 91H tó tẹ̀ lé e túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 615 kìlógíráàmù, ó sì lè sá dé 210. Kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù rọ́bà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n ṣe bálánsìn àti aláíńmẹ́ǹtì. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n láàárín 80 sí 100, bálánsìn iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Táyà sípíà náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ tín-ín-rín tó máa ń bá Corolla Amẹ́ríkà wá, 60 psi ni tirẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sá ju 80 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn táyà gidi nínú búùtù fún irú ọ̀nà yìí. Nọ́ọ̀tì táyà gba sípánà 21, agbára tí wọ́n fi ń fún un jẹ́ 103 Nm. Kí wọ́n fún un ní àgbélébùú, kì í ṣe ní àyíká. Kí ẹ fúnra yín tú nọ́ọ̀tì kan pẹ̀lú sípánà inú ọkọ̀ kí ẹ tó lọ. Bí fọ́kanáísà bá ti fi páìpù gígùn fún un jù, apá yín ò ní ká a lóru.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ ọ́ìlì: wọ́n ní kí n da 20W-50 sí i torí pé ọkọ̀ ti dàgbà. Bíréèkì náà máa ń dún díẹ̀ ní àárọ̀. Ṣé kí n kàn rọ òróró bíréèkì kún un?

Awakọ̀ Ìlobùú

Àbúrò, ẹ má rọ nǹkan kan kún un kí ẹ tó mọ ìdí tó fi dín kù. Òróró bíréèkì kì í gbẹ. Bó bá lọ sílẹ̀, yálà pádì ti jẹ, tàbí ibì kan ń jò. Kí wọ́n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pádì iwájú tó bá ti kù mílímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ báyìí, ẹ má dúró kó tó kan irin. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ Corolla 2004 jẹ́ dúróòmù, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fọ eruku rẹ̀, kí wọ́n sì wo rọ́bà sílíńdà inú rẹ̀ bóyá ó ń sẹ̀. DOT 3 ni òróró rẹ̀ (oríṣi òróró bíréèkì nìyẹn, kì í ṣe DOT ti ara táyà). Bí tinú rẹ̀ bá ti dúdú, kí wọ́n fà á jáde pátápátá kí wọ́n rọ tuntun, torí omi tó ti fà mọ́ra máa ń hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, ẹsẹ̀ á wá wọlẹ̀ láìdúró. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ láéláé, á wú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀.

Bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tún yàtọ̀. Ní ìhà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, àti lágbègbè Òkéné, òkè wà. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì O/D ara gíà (òun ló ń pa gíà tó ga jù) kí iná O/D OFF tàn, tó bá ṣì ń sáré jù, ẹ fà á sí 2. Ẹ́ńjìnnì á dì í mú, bíréèkì á sì tutù. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ láìgbé ẹsẹ̀ sókè ni òórùn jíjóná máa ń bá nísàlẹ̀.

Ọ́ìlì: 5W-30 ni Toyota kọ fún un. 20W-50 wúwo jù fún ẹ́ńjìnnì yìí, á pẹ́ kó tó gòkè láàárọ̀, nígbà yẹn gan-an ni jíjẹ ẹ́ńjìnnì sì pọ̀ jù. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa 1ZZ (orúkọ ẹ́ńjìnnì 1.8 yìí) ayé ìgbà yẹn ni pé ó máa ń mu ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnnì kéré, ó máa ń dí, ọ́ìlì á sì máa jóná pẹ̀lú epo. Ó lè má jò sílẹ̀ rárá kó sì tán. Tí iná pupa ọ́ìlì bá fi tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti pẹ́ jù. Torí náà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó lọ, bíi lítà 4 ló ń gbà. Ẹ máa fa irin géèjì ọ́ìlì yọ wò lójoojúmọ́ títí ọjọ́ ìrìn-àjò á fi pé, ẹ ó wá mọ bó ṣe ń mu ún tó. Lójú ọ̀nà, ẹ wò ó ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti rọ epo, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 tí ẹ ti pa ọkọ̀. Kí lítà 1 irú rẹ̀ kan náà wà nínú búùtù. Ẹ má rọ ọ́ kọjá àmì òkè.

Ọ́ìlì gíà rẹ̀, Toyota T-IV ni. Ẹ fi tísù funfun wò ó: pupa dára, dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná kò dára. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ gíà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, ẹ má tíì ronú Àbújá.

Rìwáyà Ayétòrò

Ti iná ò pọ̀. Bátìrì tó sinmi mọ́jú gbọ́dọ̀ ka 12.4 sí 12.6 fóòtì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.4. Bó bá kéré sí 13.5 tí ẹ bá tan iná iwájú àti ẹ́ésì, ẹ yẹ alitanétọ̀ àti bẹ́ẹ̀tì wò. Bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí alitanétọ̀, pọ́ǹpù omi àti ẹ́ésì lára ọkọ̀ yìí. Bó bá já, gbogbo rẹ̀ kú papọ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ náà síwájú torí omi ò ní yí mọ́. Bó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú èyí tó ṣì dáa díẹ̀ sínú búùtù. Tàìmín rẹ̀ jẹ́ ṣéènì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó bẹ́ẹ̀tì tàìmín lọ́wọ́ yín. Ẹ fọ orí bátìrì, ẹ fún un kó má mì. Ẹ tan gbogbo iná, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn wo ti bíréèkì àti tíráfíkétọ̀.

Ẹ gbé dání: jáàkì tó ń ṣiṣẹ́, sípánà táyà, pátákó pẹlẹbẹ kan tí jáàkì máa dúró lé torí ilẹ̀ etí ọ̀nà máa ń rọ̀, sí-kọ́ṣọ̀n, agolo ìpaná tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, àpótí ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀, tọ́ọ̀ṣì, fíúùsì 10, 15 àti 20, kílíìpù họ́ọ̀sì méjì, wáyà ìtannáràn bátìrì, àti omi lítà 5 fún ọkọ̀, yàtọ̀ sí ti mímu. Ìwé ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé adójútòfò náà. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó jẹ́ 122.

Táńkì rẹ̀ ń gba bíi lítà 50. Pẹ̀lú ẹrù, kí ẹ ṣírò lítà 8 fún 100 kìlómítà. Ẹ rọ ọ́ kún ní Òṣogbo, ẹ tún rọ sí i ní Lọ́kọ́jà kó tó lọ sílẹ̀, torí pọ́ǹpù epo tó wà nínú táńkì, epo yẹn náà ló ń mú un tutù. Ẹ gbéra ní aago 6 àárọ̀, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín kí ẹ tó kọjá Abaji.

Bàbá Sípánà

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, òun ni mo kà sí jù. Àbúrò, kí gbogbo iṣẹ́ yìí parí ní ọjọ́ méje kó o tó lọ. Má gbé ọkọ̀ kúrò ní ọgbà mẹkáníìkì kó o sì dorí kọ Àbújá. Họ́ọ̀sì tí wọn ò fún, nọ́ọ̀tì ìdí ọ́ìlì tó ń kán, afẹ́fẹ́ tó há sínú omi, gbogbo rẹ̀ ló máa ń fara hàn láàárín 100 kìlómítà àkọ́kọ́. Gbé e lọ sí Iléṣà, kó o padà, pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú rẹ̀ àti ẹ́ésì ní títàn. Jẹ́ kó tutù mọ́jú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, wo omi, wo ọ́ìlì, kó o sì tún nọ́ọ̀tì táyà fún.

Ọmọ Òkè-Fìà

Mo ti wo táyà láàárọ̀ yìí. Méjì iwájú jẹ́ 2221, ti ẹ̀yìn jẹ́ 1417 àti 1617. Rọ́bà ìdérí rédíétọ̀ ti ya lápá kan. Ṣé mo lè ra táyà méjì péré, kí n fi wọ́n sí iwájú?

Táyà Òkè-Báálẹ̀

Àwọn ti 2017 yẹn ò gbọ́dọ̀ lọ rárá, ẹ má tiẹ̀ fi wọ́n ṣe sípíà. Àwọn 2221 náà ti lé ní ọdún 4, torí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kí ẹ pààrọ̀. Bí owó ò bá tó ra ju méjì lọ lọ́wọ́ kan, ẹ sún ìrìn-àjò síwájú. Bó bá sì di ìgbà tí ẹ ń da táyà méjì tuntun pọ̀ mọ́ méjì tó ṣì dáa, ẹ̀yìn ni tuntun ń lọ, kì í ṣe iwájú: bí ẹ̀yìn bá yọ̀ lójú omi, ọkọ̀ á yí po, sítíárìn ò sì ní ràn yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ ka DOT kí wọ́n tó gbé e wọ irin, torí wọn kì í gbà á padà mọ́ lẹ́yìn náà.